Ìsinmi Wà Lára Eré Ìdárayá
Ọ̀pọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí a ti lé ní ọgọ́ta ọdún ṣì ń sáré ìdájí lójoojúmọ́ ní ìgboro Ìwó, bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti fo ọjọ́ kan. A kò rí i bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1970 ni Arthur Jones, ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe ẹ̀rọ Nautilus, ti ń sọ pé kí a gbé ohun tí ó wúwo títí apá yóò fi kọ̀, kí ó má pẹ́, kí a sì sinmi fún ọjọ́ mélòó kan. Àṣejù kò ṣàì sí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni pé ìgbà ìsinmi ni iṣan ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ọlọ́run tí ó dá ara ni ó dá ọjọ́ ìsinmi pẹ̀lú.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, ní 2020, ní kí àgbàlagbà máa fún iṣan lágbára, ó kéré tán, ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Kí a má ṣe pa ìrìn tì, nítorí ọkàn nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣan itan ni yóò gbé wa dìde lórí ìkúnlẹ̀ nílé Ọlọ́run. Ẹ̀yin òbí, kẹ́ẹ̀gì omi méjì tó bẹ̀rẹ̀. Kí dókítà kọ́kọ́ yẹ ìfúnpá wò, kí a má sì sé èémí bí a bá ń gbẹ́rù.