Títẹ Orin Líle Lórí Dùùrù

Àwọn kan láàrin wa a máa wí pé ẹni tí ó bá fẹ́ràn orin kan láti kékeré kò ní í pẹ́ mọ̀ ọ́n tẹ̀. Àwa pẹ̀lú ti gbà bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú wa rí ti yí wa lọ́kàn padà.

Orin tí a ń sọ ni Allegro barbaro, tí Béla Bartók ará Họ́ngárì kọ ní 1911. Kò tó ìṣẹ́jú 4, ṣùgbọ́n ó le bí ìjì. Láti kékeré ni a ti ń gbọ́ ọ, tí a sì ń fi ìka lù ú lórí tábìlì. Nígbà tí a wá jókòó sí ìdí dùùrù níwájú ènìyàn, a sáré, a fi agbára gbá a, kò sì pẹ́ tí ọwọ́ wa méjèèjì fi pínyà. A dìde láì parí rẹ̀.

Ìfẹ́ wa ni ó fà á. Etí wa mọ iná orin náà, kò mọ ìṣirò rẹ̀. Ọwọ́ òsì a máa lu ohùn kan náà léraléra, iye ìgbà tí ó sì ń lù ú kí orin tó tún wọlé kò dọ́gba: ẹni tí kò bá kà á yóò ṣìnà. Ibì kan sì wà tí ó rọlẹ̀ bí ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́; ẹni tí ó ti pariwo tán kò lè dé ibẹ̀.

Àwọn kan ní bí a bá rọra kọ́ ọ, iná rẹ̀ yóò kú. Ẹ wo àwọn onílù dùndún ní Igbó-Ọrà níhìn-ín. Ọmọ Àyàn kì í ti kékeré gbé ìyáàlù kọ́ èjìká. Ìlù kékeré ni ó kọ́kọ́ ń lù, títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi dúró ṣinṣin. Síbẹ̀, ta ni ó gbọ́ ìyáàlù àgbà tí ó ní kò gbóná? Àfiwé yìí kì í ṣe àsọdùn: Akin Euba (1935–2020), tí ó kọ ìwé ńlá lórí ìlù dùndún ní 1990, fi hàn pé píánò lè gba ìwà ìlù ilẹ̀ wa.

Nítorí náà a ti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, ọwọ́ kan lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lọ́la ni a ó di olùkọ́. Bí a bá fi ìfẹ́ nìkan lé ọmọ lọ́wọ́ láì kọ́ ọ ní sùúrù, bí àwa ti dìde nídìí dùùrù ni òun náà yóò dìde.