Ohun Ìṣeré Ọlọ́nà Púpọ̀: Ojúṣe Olùkọ́ nínú Eré Ọmọdé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Eré jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn akèrègbè tí ọwọ́ àgbà kò wọ̀. Àgbà lè ra ohun ìṣeré, ó lè kan án, ó sì lè tọ́jú rẹ̀. Ọmọ nìkan ni ó lè fi í ṣeré. Níbi tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ní Ìbàdàn òde òní ti ń ṣìnà nìyí, àwọn tí ń kọ́ni níṣẹ́ olùkọ́ náà kò sì bọ́ nínú ẹ̀bi ọ̀hún.

Ẹni tí ó bá rìn láti Bódìjà dé Agbowó, tàbí tí ó gba Ring Road lọ sí Challenge, yóò rí ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi káàkiri. Orúkọ náà gan-an ń sọ nípa ìsinmi àwọn ará ilé. Kò sọ nǹkan kan nípa ohun tí ọmọ yóò máa ṣe. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn fi ń fa òbí mọ́ra ni pé ọmọ ọdún mẹ́ta yóò ti máa kàwé, yóò sì máa kọ nọ́ńbà. A máa rí ohun ìṣeré níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ni ó sábà máa ń wà, kí ó má baà bàjẹ́, kí àlejò sì lè rí i.

Oríṣi ohun ìṣeré méjì ni ó yẹ kí olùkọ́ dá mọ̀. Àkọ́kọ́ ni ọlọ́nà kan. Mọ́tò oníbátìrì tí wọ́n ń tà ní Dùgbẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ rẹ̀: bí a bá ti tẹ bọ́tìnnì, yóò sáré, yóò kọrin, iná rẹ̀ yóò sì máa ṣẹ́jú. Mọ́tò náà ni ó ń ṣeré, ọmọ ni ó ń wòran. Bí bátìrì bá kú, eré parí. Èkejì ni ọlọ́nà púpọ̀. Ègé pákó lásán ni, kò dá nǹkan kan ṣe. Lónìí, ó lè di ilé. Lọ́la, ó lè di afárá. Lọ́túnla, ọmọ lè tò ó sókè kí ó sì pè é ní Cocoa House, ilé alájà 26 tí ó ti wà ní Dùgbẹ̀ láti ọdún 1965. Bí ó bá wó, ọmọ yóò wádìí ohun tí ó wó o, yóò sì tún un kọ́.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Ní ọdún 1837, Friedrich Fröbel dá ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ sílẹ̀ ní Jámánì, ègé igi onígun mẹ́rin sì wà lára ohun tí ó kọ́kọ́ fi lé wọn lọ́wọ́. Ní ọdún 1971, Simon Nicholson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ pé bí ohun tí ọmọ lè gbé, tí ó lè tò, tí ó sì lè tú bá ṣe pọ̀ tó láyìíká rẹ̀ ni yóò ṣe lè dá ọgbọ́n tó. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá kò dúró de ìwé wọn. Ó ti fi agolo mílíìkì ṣe mọ́tò, ó ti gé bàtà sílípáàsì tó gbó ṣe táyà rẹ̀, ó ti fi yanrìn tútù kọ́lé, ó sì ti ta òkòtó. Kì í ṣe pé ọgbọ́n yìí tán lórí àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Àgbàlá tí wọn ìbá ti lò ó ni a ti fi sìmẹ́ńtì bò, tí a sì mọ odi yí ká.

Nítorí náà, ó di dandan kí ilé-ìwé dá ohun tí àgbàlá pàdánù padà. Owó kọ́ ni ìṣòro. Ọjà pákó wà ní Bódìjà, àjẹkù pákó sì pọ̀ níbẹ̀ tí àwọn kan ń rà fi dáná. Káfíńtà kan lè gé àpò kan nínú rẹ̀ ní òórọ̀ ọjọ́ kan. Arère dára fún un nítorí pé ó fúyẹ́. Kí gígùn wọn bára mu: bí ọ̀kan bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12, kí òmíràn jẹ́ 6, kí òmíràn sì jẹ́ 24, kí ọmọ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ rí i pé kékeré méjì ni ó ń di ńlá kan. Kí a fi sáńpépà fá etí rẹ̀ kúnná. Kí a má kan ìṣó mọ́ ọn, kí a má sì lo pákó tí wọ́n ti fi oògùn ikán pa. Kí èyí tí ó kéré jù tóbi ju ohun tí ó lè wọ ẹnu ọmọ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ẹ̀ka Èdè Yorùbá gan-an. Ọmọ méjì tí ń tò pákó kò lè dákẹ́. “Gbé e lé e lórí.” “Èyí gùn ju ìyẹn lọ.” “Bí o bá yọ ti ìsàlẹ̀, yóò wó.” Kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn ní gbólóhùn oníbọ̀; pákó ni ó kọ́ wọn. Ní ọdún 2022, Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2025, wọ́n fagi lé e. Ètò ìjọba lè yí padà, ṣùgbọ́n ibi tí ọmọ bá ti ń ṣeré ní òmìnira, èdè yóò rí ibùdó.

Òbí lè sọ pé òun kò sanwó kí ọmọ òun wá máa ṣeré. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́ sí èsì, kì í ṣe ẹ̀gàn. Kí olùkọ́ pè é wọlé, kí ó wo bí ọmọ rẹ̀ ti ń ka pákó, tí ó ń wọ̀n ọ́n, tí ó sì ń bá ẹnìkejì rẹ̀ ṣe àdéhùn. Ìlànà Ìjọba Àpapọ̀ lórí Ètò Ẹ̀kọ́, ẹ̀dà ti ọdún 2004, pàápàá ka fífi ohun ìṣeré ṣeré mọ́ ọ̀nà tí ọmọ fi ń ní ẹ̀mí ìwádìí.

Èyí tí ó ṣòro jù wà lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ àgbà. Ní àkókò ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ a fi òru ya àwòrán mèremère sórí káàdìbọ́ọ̀dù, a gbé e kọ́ sára ògiri, alábòójútó a wò ó, a sì fún un ní máàkì. Ọmọ kankan kò fọwọ́ kàn án. Ohun tí a bá ń fún ní máàkì ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa ṣe títí yóò fi fẹ̀yìn tì. Ó yẹ kí alábòójútó yí ìbéèrè rẹ̀ padà: kí ó yé béèrè bóyá ohun èlò náà lẹ́wà, kí ó máa béèrè ohun tí àwọn ọmọ fi ṣe. Ohun èlò tí ó ti dọ̀tí lọ́wọ́ ọmọ ni ó ti ṣiṣẹ́.