Ìrìn Àjò Ọkọ àti Aya

Ọ̀pọ̀ tọkọtaya ní Oniru ni kì í ríra wọn mọ́: ọkọ a jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kì í sì í jẹ́ kí ó wọlé kí aya tó sùn. Òde ìnáwó nìkan ní ń gbé wọn jáde pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ wà nítòsí wọn, ọ̀sà lápá òsì, òkun lápá ọ̀tún. Àwọn ará Amẹ́ríkà a máa fi ọkọ̀ tí ibùsùn wà nínú rẹ̀ rin irú àjò bẹ́ẹ̀; ìyẹn kò pọn dandan.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lójú ìrìn àjò ni Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti ní kí àwọn ènìyàn máa lọ ṣíwájú, tí ó sì bá Àíṣátù aya rẹ̀ sáré ìje. Ta ni iṣẹ́ rẹ̀ wá pọ̀ ju tirẹ̀ lọ? Epo wọ́n lóòótọ́, òru kò sì ṣeé rìn. Kí wọ́n sùn sí Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n tó kọjá sí Ìjẹ̀bú-Òde.