Ebi ló lé wọn kúrò nílé, ìwé ló ń tú àṣírí wọn

Bí ọmọ Yorùbá bá fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá, oríkì ló máa kọ́kọ́ bèèrè. Ìyá àgbà á la ẹnu, á to ìlú, iṣẹ́, ogun àti èèwọ̀ ìdílé sílẹ̀ kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Ọ̀pọ̀ òyìnbó tó wà ní Fall River, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts l'Amẹ́ríkà, ò ní irú ẹ̀. Ìwé ni oríkì tiwọn, ìwé ọ̀hún kì í sì í bo àṣírí o.

Ta ni wọ́n gan-an? Ọmọ àwọn tó ń rànwú, tí wọ́n ń hunṣọ ní Lancashire n'Ìlú Ọba ni púpọ̀ nínú wọn. Bolton, Oldham, Preston, Blackburn, iléeṣẹ́ òwú ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́ láyé ọjọ́un. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òfin ọdún 1844 ló gbà á láyè pé kó fi ààbọ̀ ọjọ́ ṣiṣẹ́, kó fi ààbọ̀ tó kù lọ síléèwé.

Amẹ́ríkà lèyí tó pọ̀ jù nínú òwú wọn ti ń wá, àwọn ẹrú adúláwọ̀ ló sì ń ká a lóko. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1861, àwọn ọkọ̀ ogun Lincoln dí ojú òkun ìhà gúúsù pa, òwú ò rí ọ̀nà kọjá mọ́. Kí ọdún 1862 tó parí, ẹ̀rọ ti dákẹ́ káàkiri Lancashire, ebi wọlé tọ̀ wọ́n. Ẹni tó ń yangàn pé òun ò tọrọ rí, ó bọ́ sórí ìlà, ó ń gba ọbẹ̀.

Síbẹ̀, lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún 1862 yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ kan ṣèpàdé ní Manchester, wọ́n ní ẹ̀yìn Lincoln làwọn wà, kí oko ẹrú dópin. Lincoln fúnra ẹ̀ kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí wọn lóṣù kìíní ọdún 1863. Ṣé ẹ mọ̀ pé láti àwọn ọdún 1850 ni oníṣòwò Manchester kan, Thomas Clegg, ti ń bá àwọn CMS ṣètò òwú l'Abẹ́òkúta? Àmọ́ èyí tó ń tibẹ̀ lọ ò tó bọ́ àwọn ẹ̀rọ yẹn yó.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti di ẹrù wọn nìyẹn, tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi ní Liverpool. Lẹ́yìn ogun náà, iléeṣẹ́ òwú ń pọ̀ sí i ní Fall River, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n forí lé.

Báwo lẹni tó ń wá wọn lónìí ṣe fẹ́ rí wọn? Ọ̀dọ̀ ara ẹni lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, kó tó kan òbí, kó tó kan àgbà. Ìwé ìkànìyàn Amẹ́ríkà ọdún 1900 bi àwọn àjèjì pé ọdún wo lẹ dé. Ó tún bi àwọn ìyá pé, ọmọ mélòó lẹ bí, mélòó ló kù láyé? Ẹni tó bá rí i níbẹ̀ pé mẹ́wàá ni ìyá ńlá òun bí, tó sì jẹ́ pé mẹ́rin ló kù, á mọ̀ pé ẹkún ti gbélé yẹn rí. Kó má wulẹ̀ dààmú lórí ti 1890 o, iná ba èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ jẹ́ lọ́dún 1921.

Tó bá wá ku ti Ìlú Ọba, ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1837 ni ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀. Orúkọ bàbá ọkọ àti ti bàbá ìyàwó, àti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, wà nínú ìwé ìgbéyàwó. Ìkànìyàn 1851 sọ àdúgbò tí wọ́n ti bí kálukú. Ohun tó bá ṣáájú 1837, ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ṣùgbọ́n ẹ rọra o! Àwọn tó ń jẹ́ John Taylor ní Lancashire pọ̀ bí iyanrìn, èèyàn ò gbọ́dọ̀ rí èyí àkọ́kọ́ kó fò mọ́ ọn pé bàbá òun rèé. Ọ̀pọ̀ ò mọ̀wé, ohun tí akọ̀wé bá gbọ́ ló ń kọ.

Àṣírí ńkọ́? Èèyàn lè rí ìgbéyàwó oṣù kẹta, kó rí ìbí àkọ́bí lóṣù kẹfà. Ó lè rí obìnrin tó pe ara ẹ̀ ní abilékọ ní Bolton, tó ń dá tọ́ ọmọ mẹ́ta, kó tún wá rí ọkọ ẹ̀ ní Fall River pẹ̀lú ìyàwó mìíràn. Bí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ìjà lè dé. Ẹ̀gbọ́n á ní kí wọ́n bò ó mọ́lẹ̀, àbúrò á ní kí wọ́n kọ ọ́ síwèé.

Èyí àbúrò ló dáa jàre. Ọmọ mẹ́ta tí bàbá fi sílẹ̀ ní Bolton, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni, àwọn ọmọ ọmọ wọn lè wà láyé, kí wọ́n máa wá ẹbí tiwọn náà. Ẹni tó ti kú, ìtìjú ò pa á mọ́. Ẹni tó wà láyé ló nílò òótọ́.

Kí àwa náà má sì fi oríkì yangàn jù. Oríkì kì í sọ ọdún, ìyá àgbà tó mọ̀ ọ́n kì í sì í gbélé ayé títí. Ẹni tí tiẹ̀ ṣì wà láyé, kó mú bírò àti ìwé lọ bá a lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Lọ́jọ́ tí ìyá bá dákẹ́, kò sí ìwé ìkànìyàn tó máa bá wọn kì í.