Àyẹ̀wò Kì í Ṣe Ìfura

Kò sí àjọ tí ó lè pẹ́ láìsí àbójútó. Ní ọdún 1888, Henri Fayol, ọmọ ilẹ̀ Faransé, di olùdarí ilé-iṣẹ́ ìwakùsà kan tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé. Nígbà tí ó fi ipò náà sílẹ̀ ní ọdún 1918, ilé-iṣẹ́ náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nínú ìwé tí ó gbé jáde ní ọdún 1916, ó ka iṣẹ́ alábòójútó sí márùn-ún: kí ó ro ọjọ́ iwájú, kí ó sì ṣètò fún un, kí ó pín iṣẹ́ fún ẹni tí ó yẹ, kí ó máa pàṣẹ, kí ó mú ìṣe gbogbo wọn ṣọ̀kan, kí ó sì yẹ iṣẹ́ wò bóyá ó bá ètò mu.

Ìkarùn-ún yìí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń sá fún. Akápò a gba owó, ọdún a yípo, ẹnikẹ́ni kò ní béèrè ìṣirò, kí ó má baà dà bí ìfura. Èyí kò tọ̀nà. Àyẹ̀wò ni ó ń gba akápò olóòótọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn. Òun náà ni ó ń fi àṣìṣe hàn nígbà tí àtúnṣe ṣì rọrùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí owó bá sọnù. Ẹ máa béèrè ìṣirò ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹ sì kọ́kọ́ fi tiyín hàn.