Èló Ni Òkè Olósùnta?

Bí ẹnìkan bá fẹ́ fọ́ òkúta ní gúúsù Èkìtì lónìí, yálà ní ẹ̀bá Ìkẹ́rẹ́ tí àwọn àpáta ràgàjì yí ká, tàbí níbòmíràn tí òkúta ti yọrí láàárín oko, kò ní pẹ́ kó tó mọ iye tí típà òkúta kan yóò mú wọlé fún un, iye tí yóò san fún ìjọba, iye ọ̀dọ́ tí yóò gbà síṣẹ́ àti iye epo tí ẹ̀rọ rẹ̀ yóò jẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹni tó fẹ́ gé ìrókò nínú igbó ìjọba tó wà ní Ìsẹ̀ ti mọ iye tí gédú ń lọ lọ́jà kí ayùn tó kan èèpo igi. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kọ sínú ìwé, tí wọ́n sì ń gbé e lọ síwájú àwọn tí àṣẹ wà lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ní òdìkejì ìwé náà, níbi tó yẹ kí a kọ ohun tí ìlú yóò pàdánù sí nígbà tí àpáta bá fọ́ tí igi sì wó, òfìfo ni ẹ ó bá. Kì í ṣe pé àwọn tó kọ ìwé náà kórìíra wa. Wọn kò rí ẹni tó bá wọn wọn ohun náà ni, ohun tí a kò bá sì wọ̀n, òdo ni lójú akọ̀wé.

Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì kété, ẹ̀yin ará ilẹ̀ uyì, ilẹ̀ ẹ̀yẹ, ọ̀rọ̀ òfìfo yìí ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ yìí, nítorí mo rí i pé láàárín àwa tí a fẹ́ràn àṣà, èrò kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé ẹ̀gàn ni kí ènìyàn tilẹ̀ pe owó mọ́ ohun tí àwọn baba ńlá wa fi sílẹ̀. Èrò náà ní iyì tirẹ̀, n ó sì padà bá a. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀ràn dé yìí, bí àwa kò bá sọ bí ohun ìní wa ti tó lójú wa, ẹlòmíràn yóò bá wa sọ ọ́, ohun tí yóò sì sọ kò ní ju iye òkúta àti iye pákó lọ.

Ìmọ̀ kan wà nínú ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé tó dá lórí ọ̀ràn yìí gan-an, kì í sì í ṣe ìmọ̀ àná. Ní ọdún 1947, àwọn alábòójútó igbó àti òkè tí ìjọba Amẹ́ríkà yà sọ́tọ̀ fún aráàlú kọ̀wé sí àwọn onímọ̀, wọ́n ń wá bí a ti lè mọ èrè ibi tí kò sẹ́ni tó ń tà á. Harold Hotelling fún wọn lésì pé kí wọ́n wo ibi tí àlejò kọ̀ọ̀kan ti wá, kí wọ́n ṣírò owó ọkọ̀ tó san àti àkókò tó lò, nítorí ohun tí ènìyàn gbà láti ná kó tó lè fi ojú kan nǹkan kì í parọ́ nípa bí nǹkan ọ̀hún ti níyì tó lọ́kàn rẹ̀. Ẹni tó bá ti wà ní Ìkẹ́rẹ́ nígbà ọdún Olósùnta yóò mọ ohun tí Hotelling ń wí. Òkè Olósùnta ga fíofío, òjò ọdún gbọọrọ ti fa ìlà dúdú sí i lára láti orí dé ìdí, ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn yóò rí i kó tó rí òrùlé kan ṣoṣo nínú ìlú. Lọ́jọ́ ọdún, àwọn ọmọ Ìkẹ́rẹ́ yóò ti Èkó dé, wọn yóò ti Ìbàdàn àti Àkúrẹ́ dé, wọn yóò ra aṣọ, wọn yóò gún iyán, wọn yóò tún ojú ilé bàbá wọn kùn. Kò sí kọ́bọ̀ kan nínú owó wọ̀nyí tí ẹnikẹ́ni kọ sí orúkọ òkè náà, bẹ́ẹ̀ sì ni òkè náà ló pè wọ́n wálé.

Àmọ́, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní ọdún 1967, John Krutilla, tí òun pẹ̀lú jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé kì í ṣe ẹni tó ń lọ sí ibì kan nìkan ni ibẹ̀ ṣe iyebíye fún. Àwọn kan wà tí wọn kò ní débẹ̀ títí ayé wọn, síbẹ̀ bí wọ́n bá gbọ́ pé ó parun, ohun kan yóò dín nínú ọrọ̀ wọn. Ta ni kò mọ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ láàárín wa? Ọmọ Èmùré tí wọ́n bí sí Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, tí kò lè fi ọwọ́ júwe ọ̀nà ààfin Elémùré, ni yóò bú sẹ́kún bí wọ́n bá sọ fún un pé ààfin náà ti di ilé epo.

Ìjàm̀bá epo rọ̀bì kan ló mú kí wọ́n fi agbára dán èrò yìí wò. Ní oṣù kẹta ọdún 1989, ọkọ̀ Exxon Valdez forí sọ àpáta abẹ́ omi ní etíkun Alaska, epo rọ̀bì tó tó mílíọ̀nù 11 gálọ́ọ̀nù sì dà sójú òkun. Àwọn olùwádìí lọ bá àwọn ìdílé káàkiri Amẹ́ríkà, tí púpọ̀ nínú wọn kò dé Alaska rí, wọ́n bi wọ́n ní iye tí wọn yóò san kí irú rẹ̀ má bàa ṣẹlẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n ro gbogbo ìdáhùn pọ̀, ó di bílíọ̀nù 2.8 dọ́là. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀, ìjọba sì gbé ìgbìmọ̀ kan dìde tí Kenneth Arrow àti Robert Solow, àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel, jọ ṣe alága rẹ̀. Ní 1993 ni wọ́n jábọ̀ pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ṣeé gbára lé bí a bá fi ìṣọ́ra bi í, ṣùgbọ́n kí a máa bi àwọn ènìyàn ní iye tí wọ́n lè san láti dá nǹkan sí, kí a má ṣe bi wọ́n ní iye tí wọ́n fẹ́ gbà kí wọ́n tó yọ̀ǹda rẹ̀, nítorí ti àkọ́kọ́ ló máa ń mú iye kékeré wá.

Níhìn-ín ni èmi àti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wọ̀nyẹn ti yà. Ìbéèrè méjèèjì kò dọ́gba, kì í sì í ṣe nítorí pé ọ̀kan mú iye tó pọ̀ wá. Àlejò là ń bi ní iye tó lè san. Onílé là ń bi ní iye tó fẹ́ gbà. Bí ẹ bá wá bá àgbà Ìkẹ́rẹ́ pé èló ni yóò san kí wọ́n má bàa fọ́ Olósùnta, ẹ ti sọ fún un láìsọ pé òkè náà kì í ṣe tirẹ̀ mọ́, pé ó ní láti rà á padà lọ́wọ́ ẹnìkan.

A sì ti rí irú ìdúnàádúrà bẹ́ẹ̀ rí ní Ìkẹ́rẹ́ kan náà. Láàárín 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀, ọmọ bíbí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tó di ará Ìsẹ̀, ẹmẹ̀sẹ̀ Arínjalẹ̀ tó jọba níbẹ̀, tó sì tún jẹ́ ọba àwọn agbẹ́gilére, ṣiṣẹ́ sí ààfin Ọgọ̀gà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Lára ohun tó gbẹ́ ni ilẹ̀kùn aláwẹ́ méjì kan: ní awẹ́ kan, Ọgọ̀gà jókòó lórí ìtẹ́ pẹ̀lú adé, olorì rẹ̀ dúró gbọn-in lẹ́yìn rẹ̀; ní awẹ́ kejì, àwọn aláàárù gbé òyìnbó Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wá kí ọba. Àwọn ère náà kò lẹ̀ mọ́ pákó bí ère àwọn agbẹ́gilére yòókù. Wọ́n yọ síta, orí wọn tẹ̀ wá síwájú, àfi bí ẹni pé wọ́n fẹ́ wo ẹni tó ń wọlé lójú. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ síbi ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ará British Museum rí i, ọkàn wọn sì fà sí i. Ọgọ̀gà kò fẹ́ gba owó rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ìtẹ́ kan tí wọ́n kàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀, ilẹ̀kùn sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Òpó kan láti ààfin kan náà, níbi tí olorì ti ga ju ọba tó jókòó níwájú rẹ̀ lọ, ti wà ní Chicago láti 1984.

Mi ò ní bá àwọn tó ń sọ pé wọ́n fi àga tan ọba jẹ kọrin. Ẹ wo ohun tí Kábíyèsí ṣe: nígbà tí wọ́n fi owó lọ̀ ọ́, ó kọ̀, torí kò ka ilẹ̀kùn ààfin sí ọjà; nígbà tí yóò sì gba nǹkan, ohun tó bá ipò ọba mu ló gbà, ìtẹ́ fún ẹnu ọ̀nà. Ìdáhùn onílé nìyẹn, ó sì kún fún ọgbọ́n. Ohun tó ń dùn mí ni pé abẹ́ àkóso àwọn tó ń bi í léèrè ni òun fúnra rẹ̀ wà, àti pé ìdáhùn ẹnìkan ní ọjọ́ kan di ìdáhùn fún gbogbo ìran tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Lónìí, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó bá fẹ́ rí ẹnu ọ̀nà ààfin rẹ̀ yóò gba físà.

Nítorí náà, bí a ó bá ṣe ìwádìí yìí nílẹ̀ wa, bí a ó ṣe bèèrè gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Lọ́nà kìíní, kí a má ṣe fi náírà nìkan wọn ìfẹ́. Ìyá àgbà tó ń ta gààrí, tó jẹ́ pé owó ọjà ló fi ń jẹun, yóò sọ pé òun kò ní nǹkan kan láti san, olùwádìí aláìnísùúrù yóò sì kọ òdo síwájú orúkọ rẹ̀. Ẹ bi í ní iye ọjọ́ tí yóò wá fi ṣọ̀wẹ̀ láti ro ọ̀nà ìdí àpáta lọ́dọọdún, ẹ ó gbọ́ ohùn mìíràn. Àwọn olùwádìí ti lo ọjọ́ iṣẹ́ dípò owó ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà mìíràn, ó sì yọrí sí rere. Àwa tí àáró àti ọ̀wẹ̀ jẹ́ ìṣe wa kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn níbẹ̀.

Èkejì ni ìdáhùn àwọn tí yóò sọ pé, “Èèwọ̀! Ẹnu kò gbọdọ̀ kan iye rẹ̀.” Àwọn onímọ̀ máa ń ka irú èsì bẹ́ẹ̀ sí ti alátakò, wọ́n sì sábà máa ń yọ ọ́ kúrò kí wọ́n tó ṣírò. Lójú tèmi, àṣìṣe ńlá ni. Ìdáhùn tó wúwo jù lọ nínú gbogbo wọn nìyẹn. Ó ń sọ ibi tí ọjà parí sí. Òfin ilẹ̀ wa pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí òfin ohun alùmọ́nì ti 2007 kò gbà kí ẹnikẹ́ni wa ilẹ̀ níbi tí àwọn ará àdúgbò kà sí mímọ́, tàbí kó ba igi tí wọ́n ń bọ jẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́rìí níwájú adájọ́ pé ibi báyìí jẹ́ mímọ́, bí kò bá sí ìwé tó fi hàn pé ènìyàn báyìí-báyìí ni wọ́n bi, tí púpọ̀ nínú wọn sì sọ pé kò ṣeé tà?

Igbó Ìsẹ̀ ló ń kó ìdààmú bá mi jù. Inú igbó yẹn ni díẹ̀ nínú àwọn ìnàkí tó kù ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà ń gbé, irú ìnàkí tí kò sí níbòmíràn láyé ju Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù lọ, tí gbogbo wọn pátá kò sì tó 10,000. Àwọn agégedú ń wọ ibẹ̀, àwọn olóko kòkó ń fẹ̀ sí i, àwọn ọdẹ ń yìnbọn. Ẹni tó bá ka pákó nìkan kò tíì ka nǹkan kan. Ọmọ̀ tí a fi ń gbẹ́ ìlù, àpá àti ìrókò tí agbẹ́gilére ń wá kiri, ewé tí àwọn oníṣègùn ń já, omi tó ń sun sínú odò àwọn abúlé: inú igbó ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Àwa ń fi orúkọ Ọlọ́wẹ̀ yangàn nílé-lóko, a sì ń jẹ́ kí igi tí Ọlọ́wẹ̀ mìíràn yóò gbẹ́ tán nílẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí a rò pé orúkọ ńlá nìkan tó. Láti 2005 ni UNESCO ti kọ igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé, síbẹ̀ àwọn awakùsà tó ń wa góòlù ní apá Ìjẹ̀ṣà ti sọ omi Ọ̀ṣun di rúsúrúsú. Ẹnìkan ti ṣírò góòlù. Ẹnikẹ́ni kò ṣírò odò.

Láti 1992 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà pé kí a yẹ ìpalára tí iṣẹ́ ńlá lè ṣe fún àyíká wò kí a tó fọwọ́ sí i. Ibẹ̀ ni òfìfo tí mo ń wí wà, ibẹ̀ ló sì yẹ kí a ti dí i. Mo ń bẹ Yunifásítì Bámidélé Olúmilùà tó wà ní Ìkẹ́rẹ́, mo sì ń bẹ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì tó wà ní Adó, pé kí wọ́n rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọrọ̀-ajé jáde, àwọn tó gbọ́ ẹ̀ka èdè Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré yé, kí wọ́n lọ jókòó ti ìyálọ́jà, ti ọdẹ, ti olóko kòkó, ti àwọn àwòrò àti àwọn onígbàgbọ́ pẹ̀lú Mùsùlùmí, kí wọ́n sì fi tẹlifóònù bi àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston. Kí ìwé náà dé ọwọ́ Ọgọ̀gà, Arínjalẹ̀ àti Elémùré, kó sì dé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin kí wọ́n tó tún fọwọ́ sí ìwé àṣẹ kankan. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Ìsẹ̀, nítorí Olósùnta lè dúró dè wọ́n fún ọdún díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ayùn ti wà nínú igbó.