Ẹ Gbé Ìwé Àṣẹ Gígé Igi Sójú Máàpù

Bí igbó ọba ṣe ń di pápá kì í ṣe ohun tí à ń ṣẹ̀ṣẹ̀ ròyìn fún ẹnikẹ́ni. Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, Olúwa ní Oǹdó, Ṣàṣà ní Ọ̀ṣun: ẹni tó bá ti pàdé ọkọ̀ gẹdú lójú títì Òrè mọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Àìríṣẹ́ṣe, oko kòkó, owó ẹ̀yìn, a ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Èsì tí wọ́n fi ń pa wá lẹ́nu mọ́ ni ìwé yìí fẹ́ bá jà. Bí a bá ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe máàpù igbó tirẹ̀ sójú ayélujára, wọn a ní Global Forest Watch ti wà láti 2014, àti pé máàpù kì í mú olè.

Òótọ́ ni pé máàpù àgbáyé yẹn wà, ọ̀fẹ́ sì ni. Àwọn sátẹ́láìtì tó ń lò ń ya ilẹ̀ ní ìwọ̀n mítà 30 tàbí 10; èyí tó ní rédà a tilẹ̀ máa ríran la ìkùukùu òjò já. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó lè sọ kò ju pé igi tó wà níhìn-ín tẹ́lẹ̀ kò sí mọ́. Kò mọ̀ bóyá melina tí ìjọba fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ni wọ́n gé, tàbí ọ̀gànwó tó ti wà kí a tó bí bàbá wa. Kò mọ ẹni tó gbàwé àṣẹ, kò mọ ibi tí àṣẹ náà parí sí. Inú fáìlì ní ọ́fíìsì ìjọba nìyẹn wà, kò sí lójú ọ̀run. Aṣọ òkìrìkà bo ìhòòhò lóòótọ́, àmọ́ kò lè bára mu bí èyí tí télọ̀ wọ̀n fúnni. Máàpù tiwa ni yóò gbé ààlà igbó ọba àti ìwé àṣẹ lé orí àmì sátẹ́láìtì, kí gbogbo ayé lè rí ibi tí igi ti wó láìsí àṣẹ.

Ní ti pé máàpù kì í mú olè, ta ló ní ó ń mú un? Fìtílà náà kì í mú olè, síbẹ̀ olè kì í fẹ́ kí a tàn án. Ní 2004 ni INPE, ilé-iṣẹ́ ìwádìí òfuurufú ti ìjọba Brazil, gbé ètò DETER kalẹ̀, tó ń ti ojú sátẹ́láìtì ta àwọn ẹ̀ṣọ́ lólobó. Lọ́dún yẹn, igbó Amazon tí wọ́n gé lé ní 27,000 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ní 2012 kò tó 5,000. Máàpù nìkan kọ́ ló ṣe é: owó ìtanràn àti òfin tó dí ọ̀nà owó yíyá mọ́ arúfin wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ tí kò mọ ibi tó ń lọ, ta ni yóò mú? Nígbà tí ìṣirò INPE bí ìjọba nínú ní 2019, ọ̀gá ibẹ̀ ni wọ́n yọ nípò. Ta ní í bínú báyẹn sí ohun tí kò lágbára? Nàìjíríà sì rèé, tó ti rán sátẹ́láìtì tirẹ̀ lọ sí òfuurufú láti 2003, tí Ilé-Ifẹ̀ sì ti ní ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ máàpù láti 1972! Kì í ṣe ọgbọ́n ló wọ́n wa. Ẹ má tàn wá jẹ mọ́.

Ohun tó kọ́kọ́ yẹ ni òfin pé àṣẹ tí kò bá ní ààlà lórí máàpù kì í ṣe àṣẹ. Igi ẹyọ kan lè bọ́ lójú sátẹ́láìtì, ṣùgbọ́n pápá tí wọ́n gbá àti ọ̀nà tí katapílà là kò lè bọ́. Bí ààlà bá hàn, ẹni tó gbàwé fún apá kan kò ní lè fi ìwé kan náà jẹ apá kejì run. Lẹ́yìn èyí: kí máàpù sọ Yorùbá; kó ṣiṣẹ́ lórí fóònù níbi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì; kí nọ́mbà tí ẹ̀ṣọ́ igbó fi hámà lù sórí kùkùté wọ inú rẹ̀; kí ẹ̀ṣọ́ igbó máa rí owó dátà gbà; kí ìkìlọ̀ máa dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀; kí ìròyìn máa jáde lóṣooṣù.

Ìwọ tí o ka ìwé yìí dópin, lọ bi aṣojú rẹ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ní ìbéèrè kan ṣoṣo: igbó ọba tí wọ́n ní gbogbo wa la ni ín, kí ló dé tí a kò fi lè ka orúkọ àwọn tí wọ́n fún láṣẹ láti gé e?